Jẹ́ Kí Alùpùpù Náà Dágbére

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ní Festac Town, ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, Ìpínlẹ̀ Èkó

   

Ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí First Gate àti Second Gate tó di ibi tí a ń fi júwe ilé wa, kí 21 Road àti 23 Road tó di ibi tí àwọn ọmọ wa ń dàgbà sí, àlejò ni wọ́n kọ́ ìlú yìí fún. Láti ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 Oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ènìyàn dúdú láti ilẹ̀ tó lé ní 50 péjọ sí Nàìjíríà fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà. Ibí ni a ní kí wọ́n wọ̀ sí. Wọ́n gbé ìlù wá, wọ́n gbé aṣọ eré wá, wọ́n gbé ère wá. Nígbà tí àjọ̀dún parí, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Àwa tí a jogún ilé àlejò kò gbọdọ̀ jẹ́ aláìmọ̀kan nípa ọ̀rọ̀ àlejò.

Àlejò tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò lẹ́sẹ̀, táyà méjì ló ní. Bí ẹnìkan bá gun alùpùpù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú òyìnbó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó ní àfẹ́ ni òun bá wá, tí òun yóò sì gbé e padà lẹ́yìn oṣù méjì, báwo ni a ṣe ń gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé? Bí ìwọ náà bá sì gun tìrẹ, tó ní nọ́ńbà Èkó, lọ kí Kútọnu, Lomé àti Accra, kí ni àwọn tó wà ní ẹnubodè wọn fẹ́ rí lọ́wọ́ rẹ? Iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde ní èbúté ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, mo sì ti ń gun alùpùpù láti ìgbà èwe mi. Ohun tí iṣẹ́ méjèèjì kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ. Gbólóhùn kan náà ni: òǹtẹ̀ tí ọkọ̀ fi jáde ṣe pàtàkì ju òǹtẹ̀ tó fi wọlé lọ.

Ìbéèrè oníbodè

Kí òyìnbó tó dé, ìlú tó bá ní odi ní ẹnubodè, ẹnubodè náà sì ní oníbodè. Oníṣòwò tó ru ẹrù dé ibẹ̀ yóò ka owó ẹyọ sílẹ̀ kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tó mú àrokò lọ́wọ́, tàbí ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ ọba dání, oníbodè kì í béèrè owó lọ́wọ́ irú wọn. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ wọn mọ́ ju ti oníṣòwò lọ. Ohun tí wọ́n mú dání ti sọ ẹni tó rán wọn, ó ti sọ ibi tí wọn yóò padà sí, ó sì ti sọ ẹni tí a ó bi bí wọn kò bá padà.

Ìbéèrè tí àwọn aṣọ́bodè ń bi ọkọ̀ títí di òní kò yàtọ̀ sí ti oníbodè ayé àtijọ́: ṣé ohun tí o gbé yìí yóò di tiwa níbí, àbí yóò bá ọ padà? Bí yóò bá di tiwa, ó gbọ́dọ̀ san owó ibodè. Bí yóò bá padà, kò ní san án, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé yóò padà lóòótọ́.

Àwa Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ohun tí òfin yìí ń yà sọ́tọ̀. Ọkọ̀ tó ti òkèèrè wá tó sì dúró, a ń pè é ní tòkunbọ̀. Ọkọ̀ tó wọlé láìsan ohun tó yẹ kó san, tó yọ́ gba inú igbó, a ní fàyàwọ́ ni. Ọkọ̀ tó wá tí yóò sì padà, àlejò ni. Gbogbo wàhálà ẹnubodè kò ju pé aṣọ́bodè kò fẹ́ kí tòkunbọ̀ gbé aṣọ àlejò wọ̀. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ẹnubodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé wá dúró mọ́. Èbúté nìkan ni ọ̀nà. Nítorí náà, alùpùpù tó bá dé Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà òkèèrè tí kò sì ní ìwé àlejò, orúkọ kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n lè pè é. Ẹ ti mọ orúkọ náà.

Àwọn tó ti gùn ún kọjá

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà òyìnbó ni mo ń sọ. Bí a bá rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan, Àjàlá ni à ń pè é. Ènìyàn gidi ni Ọlábísí Àjàlá. Ní 1952, nígbà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Chicago dé Los Angeles, agbádá ló sì wọ̀. Ní 1957 ló gbéra lórí Vespa, alùpùpù kékeré tí obìnrin àti ọkùnrin lè gùn, ó sì fi gba àárín ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọjá. Ìwé tó kọ lórí ìrìn àjò náà, An African Abroad, jáde ní 1963. Ẹ fojú inú wo ọmọ Yorùbá kan, ní ayé tí orílẹ̀-èdè tirẹ̀ pàápàá kò tíì gba òmìnira, tó ń ti Vespa dé ẹnubodè lẹ́yìn ẹnubodè, tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ àti ohun tó gùn fún àwọn tí kò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ wá sún mọ́ ọjọ́ tiwa. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹrin ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gbéra ní London lórí alùpùpù, ó ń kó owó jọ fún ìjà lòdì sí àrùn rọpárọsẹ̀. Ó gba Faransé, Sípéènì àti Mòrókò, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà já, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 41 ni. Ní 2024, Ebaide Udoh, ọmọbìnrin Nàìjíríà, gun alùpùpù láti Mombasa ní Kẹ́ńyà wá sí Èkó. Ìròyìn sọ̀rọ̀ nípa eruku àti táyà tó jò. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ ibodè, mo ń ro ti àwọn ìwé tó wà nínú àpò wọn. Ọkọ̀ tó ti Mombasa wá ti jẹ́ àlejò nílé ọ̀pọ̀lọpọ̀ onílé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ní láti dágbére nílé kọ̀ọ̀kan.

Ìwé tó ń ṣe onídùúró

Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹfà ọdún 1954, ní New York, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ọkọ̀ àdáni tó bá wọ ilẹ̀ mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Alùpùpù wà nínú rẹ̀. Àdéhùn náà ní kí a gba ọkọ̀ àlejò wọlé láìgba owó ibodè, bí onítọ̀hún yóò bá gbé e padà. Ó ro ti àlejò dé kíkún: kódà epo tó wà nínú tánkì ọkọ̀ gan-an, a kò gbọdọ̀ gba owó ibodè lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, a lè kó ẹ̀yà ara tí a ó fi tún un ṣe wọlé lọ́nà kan náà. Bí ìjàǹbá bá sọ ọ́ di àlòkù irin, a kò ní fi dandan lé e pé kí olówó rẹ̀ wọ́ ọ padà sílé. Ó lè san owó rẹ̀, ó lè fi í fún ìjọba, wọ́n sì lè fọ́ ọ lójú aṣọ́bodè. Ṣùgbọ́n àlejò náà ní ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ akérò, kò sì gbọdọ̀ fi í háyà.

Ìwé tí wọ́n fi ń mú àdéhùn yìí ṣẹ ni àwọn arìnrìn-àjò ń pè ní carnet. Ẹgbẹ́ onímọ́tò tó wà lábẹ́ FIA, àjọ àgbáyé wọn, ló ń fún ènìyàn. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kí o tó kúrò nílé, o lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà, o fi owó tàbí ìwé báǹkì ṣe ìdógò. Iye ìdógò náà wà lọ́wọ́ bí alùpùpù rẹ ṣe níye lórí tó, àti àwọn ilẹ̀ tí o fẹ́ gbà kọjá. Wọ́n á fún ọ ní ìwé tó máa lo ọdún kan, tí nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣáàsì wà nínú rẹ̀. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta. Nígbà tí o bá wọ ìlú kan, aṣọ́bodè á ya ìdá kan, á lu òǹtẹ̀ sí ìdí tó kù sínú ìwé. Nígbà tí o bá ń jáde, wọ́n á ya ìdá kejì, wọ́n á tún lu òǹtẹ̀ sí ìdí náà. Ìdí tó ní òǹtẹ̀ méjì ni ẹ̀rí rẹ. Ìdí tó ní òǹtẹ̀ kan ṣoṣo, gbèsè ni.

Nítorí bí òǹtẹ̀ ìjáde kò bá sí, ohun tí ìwé ń sọ ni pé o ti fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ sí ìlú wọn. Ìlú náà á kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ṣe onídùúró fún ọ pé kó wá san owó ibodè. Onídùúró á sì yíjú sí ìdógò rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ètò ìwọ̀fà ayé àtijọ́ mọ̀ pé onígbọ̀wọ́ kì í ṣeré.

Láti Second Gate dé Accra

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sílé. Bí o bá jáde ní Second Gate, tí o kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, o gba Àgbójù, Alákijà, Abúlé Àdó, Trade Fair, o kọjá Ìyànà Ìbà, o dé Àgbádárìgì, o dé Sẹ̀mẹ̀. Kò tó 80 kìlómítà láti ibi tí a jókòó sí yìí. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kí o ti wọ Gánà, nítorí ilẹ̀ Benin kò gùn létí òkun, ti Tógò kò tilẹ̀ tó 60 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. O jáde ní Nàìjíríà, o wọ Benin. O jáde ní Benin ní Hilla-Condji, o wọ Tógò. O jáde ní Tógò, o wọ Gánà ní Aflao. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ọkọ̀ rẹ ti dé iwájú tábìlì aṣọ́bodè. Àbọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà mìíràn. Ìrìn àjò tí ìwọ kà sí eré ìparí ọ̀sẹ̀, òǹtẹ̀ 12 ló wà nínú rẹ̀.

Òfin tiwa fúnra wa ti wà fún un tipẹ́. Ìlú Èkó yìí ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 Oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Dakar, ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún ọdún 1979, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà. Ó ní ọkọ̀ àdáni láti ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì, kó sì lo ọjọ́ 90. Ọkọ̀ akérò ní ọjọ́ 15. Ohun mẹ́rin ló ní kí o mú dání: ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé tó fi hàn pé ìwọ lo ni ọkọ̀, ìwé íńṣọ́ránsì tí àwọn ilẹ̀ náà mọ̀, àti ìwé ibodè tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Ti íńṣọ́ránsì, Kútọnu ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún ọdún 1982. Káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ tí a ń pè ní Brown Card ni. Bí o bá gbá ènìyàn ní Lomé, káàdì yẹn ni yóò gbé ẹrù náà fún ẹni tí o gbá. Kí o gbà á nílé, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ íńṣọ́ránsì tó láṣẹ láti fún ni, kí o tó gbéra. Ẹ tún rántí pé Màlì, Burkina Faso àti Niger ti kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29 Oṣù Kìíní ọdún 2025. Kí ẹni tó fẹ́ gòkè lọ sí aṣálẹ̀ béèrè òfin ibẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tí kò ní carnet, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ elédè Faransé ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń tà ní ẹnubodè, passavant ni wọ́n ń pè é. Iye ọjọ́ wà lára rẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ dá a padà nígbà tí o bá ń jáde. Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ ìkówọlé fún ìgbà díẹ̀ wà lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ìdógò sì wà nínú ti ẹrù tó bá níye lórí. Lẹ́tà WAN tó yẹ kó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa bí ó bá ń lọ sókè òkun, ìkékúrú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Nàìjíríà ni. Ó ń sọ fún oníbodè pé ọkọ̀ yìí nílé.

Alùpùpù tí kò dágbére

Mo ṣẹ̀ ní ọ̀nà yìí rí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gun alùpùpù lọ sí Lomé. Lọ́jọ́ tí à ń bọ̀, òjò ká wa mọ́ ẹnubodè kan tí n kò ní dárúkọ. Èrò pọ̀ bí eṣú. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà wa, mo ní a ti parí. Ìwé alùpùpù wà nínú àpò ọ̀rá lórí tánkì, n kò fẹ́ kó tutù, mo sì ti ń ro ọbẹ̀ ilé. A tẹná bọ̀ ọ́, ó di Festac.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo tún gba ibẹ̀. Ọkùnrin àgbà kan tó ń sọ Yorùbá Àjàṣẹ́ ṣí ìwé ńlá, ó fi ìka wá nọ́ńbà, ó wò mí lójú. Ó ní, “Bàbá, alùpùpù yín kò tíì kúrò níbí.” Mo ní, “Ẹ wò ó níta, òun ni mo gùn dé báyìí.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin dágbére fún wa. Alùpùpù ni kò dágbére.”

Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo san owó ìtanràn, wọ́n fún mi ní rísíìtì, ó sì yẹ kí n san án. Ohun tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́ ni mo kọ̀ láti ṣe fún ara mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà ní ẹnubodè: tènìyàn wà lọ́tọ̀, tọkọ̀ wà lọ́tọ̀. Tábìlì ìwé ìrìnnà kì í ṣe tábìlì aṣọ́bodè. Bí wọ́n bá ti dá ọ lóhùn ní ti àkọ́kọ́, má tíì tẹná.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ní carnet, tó ti délé kó tó rí i pé òǹtẹ̀ kan sọnù, ọ̀nà ṣì wà. Kó gbé alùpùpù náà lọ síwájú kọ́sítọ́ọ̀mù ìlú tirẹ̀, kí wọ́n yẹ nọ́ńbà ṣáàsì wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fi ojú rí ọkọ̀ náà nílé. Kó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó ṣe onídùúró fún un. Kó má jẹ́ kó pẹ́.

Ohun tí onílé jẹ àlejò

Mo ti bá àlejò wí tó. Ẹ jẹ́ kí n yíjú sí onílé.

Àwòrán ojú Ìyọba Ìdíà, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tí wọ́n kó ní ààfin ìlú Benin ní Nàìjíríà ní 1897, òun ni àmì àjọ̀dún 1977. A bẹ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Bìrìtìkó pé kí wọ́n yá wa fún àjọ̀dún náà. Wọ́n ní ó ti gbẹgẹ́ jù, kò lè rìnrìn àjò. Àfijọ rẹ̀ ni a gbẹ́. Àlejò tí ìlú yìí ń retí ni, kò dé, ilẹ̀ yìí sì ni ilé rẹ̀. Mo mẹ́nu bà á kí a lè mọ bí ó ṣe ń dùn ènìyàn tó nígbà tí ẹnìkan di ohun kan mú tí kò jẹ́ kó rìn. A ti jẹ ìyà yẹn rí. Kò yẹ kí a fi jẹ ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 23 Oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ààrẹ Nàìjíríà àti ti Benin ṣí ibùdó àjọṣe ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, níbi tí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ méjèèjì ti lè jókòó lábẹ́ òrùlé kan. Inú mi dùn. Kò pé ọdún kan tí Nàìjíríà fi ti ẹnubodè rẹ̀ pa, ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó tún Sẹ̀mẹ̀ ṣí. Ìrẹsì àti ohun ìjà tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wọlé ni wọ́n ní ó fà á, ìjọba sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣọ́ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ onífàyàwọ́ ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ojú àlejò tí kò ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń yọ́ gbé alùpùpù kọjá lọ́nà ẹ̀bùrú, kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń rẹ́ jẹ. Èmi àti ìwọ tí a fẹ́ gba ọ̀nà tààrà ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kò pọ̀. Ẹ kọ òfin ọkọ̀ àlejò sí ara ògiri Sẹ̀mẹ̀ ní Yorùbá, Ègùn, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ẹ kọ iye owó sí i, kí ẹnikẹ́ni má san ohun tí kò ní rísíìtì. Ẹ gbé tábìlì ìjáde ọkọ̀ sí ibi tí ẹni tó ń lọ kò fi ní ṣàìrí i. Onílé tó fẹ́ kí àlejò dágbére, kó jókòó síbi tí àlejò á ti rí i.

Kí àwa ará Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin náà sì ran àlejò lọ́wọ́. Ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ wà ní Trade Fair nítòsí wa, ibẹ̀ ni ẹni tí ṣéènì rẹ̀ já yóò wá. Ẹ sọ fún un pé kó tọ́jú rísíìtì. Ẹ tún sọ fún un pé láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Apapa tó jẹ́ aládùúgbò wa wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi kún un lẹ́yìn náà. Alùpùpù àfẹ́ kì í ṣe ọ̀kadà, ṣùgbọ́n bí àlejò bá gbé èrò kan ṣoṣo gba owó, ó ti rú òfin Èkó, ó sì ti rú àdéhùn tó fi wọlé.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Orí ènìyàn ni wọ́n pa á mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹ mọ́ ọkọ̀ tí ènìyàn gùn lára. Kí ẹ tó máa bi mí ní ìbéèrè, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gun alùpùpù wá, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá jáde ní gbọ̀ngàn yìí, kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá alùpùpù rẹ̀, kó nu eruku kúrò lọ́rùn rẹ̀ níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáàsì sí, kó sì fi wé èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí wọ́n bá bára mu, ọ̀nà ti ṣí. Bí wọn kò bá bára mu, ilé ni kí o ti tún un ṣe, kí o má dúró dìgbà tí o bá dé Sẹ̀mẹ̀.